Bí Ayé Bá Sú Onígbàgbọ́

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ní ọjọ́ ìdùnnú báyìí, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni a yàn láti kọ sínú ìwé ìrántí. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ aláṣọ funfun tí yóò jó lónìí, a mọ̀ dájú pé àwọn kan wà tí wọ́n bi Ọlọ́run léèrè lóru àná pé kí ni Ó tún ń fi àwọn ṣe láyé. Wọn yóò jó. Wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó jókòó tì wọ́n kò ní í mọ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ẹni tí ó gba Jésù gbọ́ lè máa fẹ́ kú? Bí ó bá ń fẹ́ kú, ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tán ni, tàbí kò tilẹ̀ ní in rí? Àwọn kan láàárín wa kì í pẹ́ dáhùn. Wọn a ní ẹ̀mí burúkú ni. Wọn a ní kò gbàdúrà tó ni, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ Ìwé Mímọ́ wò ná, kí a tó dá ẹjọ́.

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 18 àti orí 19, kí ẹ má ka ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Nínú orí 18, iná ti ọ̀run wá lórí òkè Kámẹ́lì, òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá gígùn, wòlíì Èlíjà sì sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù títí dé Jésíréẹ́lì. Bí ó bá jẹ́ láàárín wa ni, ẹ̀rí rẹ̀ ì bá gba wákàtí méjì. Orí tí ó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin yìí kan náà ti fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣébà, tí ó dá wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó sì bẹ Olúwa pé kí Ó gba ẹ̀mí òun.

Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò ní kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì wá, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun: àkàrà tí a yan lórí ẹyín iná, àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá ní ìgbà kejì, ó tún ní kí ó jẹun, nítorí pé ọ̀nà náà jìn ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin aládùúrà, ẹ wo èyí dáadáa. Ogójì ọjọ́ tí Èlíjà fi rìn dé Hórébù, lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì àti oorun ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹni tí kò ti jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ kò gba oúnjẹ, tí a wá fún ní ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, áńgẹ́lì wo ni a ń fara wé?

Òun nìkan sì kọ́. Mósè bẹ Ọlọ́run pé kí Ó kúkú pa òun, nítorí ẹrù àwọn ènìyàn náà wúwo jù; Ọlọ́run fi 70 àgbà ràn án lọ́wọ́. Jóòbù àti Jeremáyà fi ọjọ́ tí a bí wọn gégùn-ún. Jónà ní ikú sàn fún òun. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ohun tí ojú àwọn rí ní Éṣíà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kò fi retí pé àwọn yóò yè. Ta ni nínú àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ pé kò ní ìgbàgbọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Ọlọ́run ni Èlíjà sọ fún. Kò gbé ọwọ́ sókè sí ara rẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ náà tọ Ẹni tí ó ni ẹ̀mí lọ. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìní wa, àyálò ni, a kò sì ní àṣẹ láti dá a padà ní ọjọ́ tí ó bá wù wá. Lórí èyí, ìjọ kò lè yí ohùn padà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní, “Olúwa, ó sú mi, mú mi lọ,” àdúrà ni ó ń gbà. Àdúrà tí kò dùn-ún gbọ́ ni, àdúrà tí a kì í ṣe Àmín sí, ṣùgbọ́n àdúrà ni. Ẹni tí ó ti dákẹ́ ni kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wá jù. Bí ará kan bá sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa létí, kí a má ṣe pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”. Kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara pẹ̀lú. Àwọn dókítà òyìnbó kan ti kọ ọ́ rí, ìwé J. C. Carothers ti ọdún 1953 wà lára wọn, pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ènìyàn dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kì í pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Yorùbá yóò ní orí ń gbóná òun, nǹkan ń rìn lára òun bí èèrà, àyà òun ń já, oorun kì í kùn òun mọ́, oúnjẹ ò wu òun jẹ. Yóò ní ayé sú òun. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọ́n rí i pé àwọn ará wa mọ àwọn àmì àìsàn yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo fún un.

Bí irú èyí bá wà lára ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò rí adùn nínú ohunkóhun mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìmoore. Àìsàn ni. Ó máa ń bá abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nígbà tí gbogbo ilé ń jó fún ìsọmọlórúkọ. Ó máa ń bá ẹni tí ó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń bá wòlíì pẹ̀lú. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan; ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ìdí nìyí tí àwọn ẹlòmíràn fi ń pa á tì kí ó tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

A ti ń gbọ́ ọ tí àwọn àgbà kan ń ní, “Ṣé Aládùúrà ni ó ń sọ̀rọ̀ oògùn yìí?” Òótọ́ ni pé ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfulẹ́ńsà ń pa ènìyàn, dókítà kò ní oògùn kan tí ó lè wò ó. Àdúrà ni àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde dì mú, nínú ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, a sì ń bọlá fún wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n Ẹni tí ó gbọ́ tiwọn náà ni ó fi ìmọ̀ sí orí Lambo. Láti 1954, ní Àró, Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ará ilé rẹ̀ kan wá. Wọn a gba ìtọ́jú ní ọsibítù lójú ọ̀sán, bí ọjọ́ bá rọ̀ wọn a padà sáàárín ènìyàn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ áńgẹ́lì abẹ́ igi ni: oúnjẹ, oorun, ẹni tí ń fọwọ́ kan ni.

Ohun tí ó kan àwa aládùúrà ni pé kí aríran ṣọ́ ẹnu. Ẹni tí ó ti rẹ̀ lọ́kàn, bí a bá nàka sí i láàárín ìjọ pé a rí pósí lẹ́yìn rẹ̀, kí ni a fi kún ẹrù rẹ̀? Bí ìran bá wà, ẹ pè é sẹ́yìn ilé ìsìn. Ti kí a de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ilé àdúrà, tàbí kí a fi pàṣán lé ẹ̀mí jáde, a kò ní í sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìwà ìkà ni.

Ìjọ wa fẹ́ràn ẹ̀rí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni ẹ̀rí wa máa ń wá. Ẹni tí ìjì tirẹ̀ kò tíì dá ńkọ́, níbo ni yóò dúró sọ̀rọ̀? Ẹ gbọ́ nípa William Cowper, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1731. Orin rẹ̀ nípa orísun ẹ̀jẹ̀ Olùgbàlà wà nínú ìwé orin Yorùbá, omijé ni ọ̀pọ̀ wa sì fi ń kọ ọ́. Ní 1763, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú Dókítà Nathaniel Cotton ní St Albans, ibẹ̀ ni ó sì ti gba Jésù gbọ́. Ì bá dùn mọ́ wa kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Kò parí. Ní 1773 òkùnkùn náà padà, ó sì dá a lójú pé Ọlọ́run ti ta òun nù. Àlùfáà rẹ̀ ní Olney, John Newton, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí, gbà á sínú ilé ara rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún 1 lọ. Ìwé orin tí àwọn méjèèjì kọ jáde ní 1779. Ẹni ọdún 68 ni Cowper nígbà tí ó kú ní 1800, ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni ó sì ti kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbànújẹ́ náà kò kúrò lára rẹ̀ tán. Ẹni tí ó rò pé a ti ta òun nù ni àwa ń fi orin rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù fún. A rántí yín. Ìwé Àdúrà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti 1662 ní kí a má ka ètò ìsìnkú rẹ̀ lórí ẹni tí ó pa ara rẹ̀; àṣà ilé wa pẹ̀lú ń sá fún irú òkú bẹ́ẹ̀. Bíbélì kò ṣe bẹ́ẹ̀. A sin Áhítófẹ́lì sí ibojì baba rẹ̀. Àwọn akọni Jábẹ́ṣì-Gílíádì rìn ní gbogbo òru láti gbé òkú Sọ́ọ̀lù, wọ́n sin ín, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, Dáfídì sì sunkún rẹ̀. Ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í pe ọmọ òkú ní orúkọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àní ìjọba pàápàá ti ń yí ohùn padà: òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ka orí ẹni tí ó gbìyànjú tí kò kú, ṣùgbọ́n òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní ọsibítù ni kí ilé ẹjọ́ rán an lọ.

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe akọni ni. Ṣùgbọ́n òwe náà ti mú àwọn tí kò yẹ kí ó mú: ẹni tí gbèsè so mọ́lẹ̀, ọmọ tí kò yege ìdánwò, ọmọbìnrin tí ó lóyún tí kò rí ẹni sọ fún, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo onítúbú Fílípì, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ilẹ̀ mì, ìlẹ̀kùn túbú ṣí, ó ta jí, ó sì fẹ́ pa ara rẹ̀, nítorí ó rò pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti sá lọ. Ìṣirò ni ó ṣe, inú òkùnkùn ni ó sì ti ṣe é. Kò sí ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó sá. Pọ́ọ̀lù, tí ojú pàṣán ṣì ń ta á lẹ́yìn, kò sọ pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ òun sínú àbà ni, kí ó máa lọ. Ó kígbe lóhùn rara pé kí ó má pa ara rẹ̀ lára, nítorí gbogbo àwọn wà níbẹ̀. Nígbà náà ni onítúbú béèrè iná. Ọ̀rọ̀ ìgbàlà àti ìrìbọmi, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá.

Irú ìṣirò yìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń ṣe. Yóò sọ fún ènìyàn pé ẹrù ni ó jẹ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀, pé wọn yóò sinmi bí ó bá lọ. Yóò sọ ọ́ bí ẹni tí ó rí i. Kò rí i.

Nítorí náà, bí ará kan bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tí ó ń dágbére láìsí ìrìnàjò, ẹ bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó má gùn, ẹ wá nǹkan gbígbóná fún un jẹ. Kí ẹ sì bá a lọ sí ọsibítù, ìbáà ṣe Yábà, Àró, UCH ní Ìbàdàn tàbí èyí tí ó bá sún mọ́ yín. Bí ọ̀ràn náà bá le, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ gan-an ni, arákùnrin tàbí arábìnrin wa, tí o ti ka ìwé yìí dé ibí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ, wá bá wa lónìí, kí àsè tó tú. O kò ní láti wá ọ̀rọ̀ dídára sọ. “Ó sú mi” ti tó. Fa ẹnì kan láṣọ, ìyá ìjọ ni o, àgbà ni o, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni o. A ó bu omi fún ọ, a ó jókòó tì ọ́, a ó sì bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Gbogbo wa wà níbí.