Ṣáláńgá Mi, Kànga Aládùúgbò Mi

Bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, tí ó sì fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ilé sí orí rẹ̀, ta ni ó tó bi í léèrè ibi tí ó gbẹ́ ṣáláńgá sí? Ìbéèrè yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré létí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba oorun lójú mi rí.

Ẹ̀yin kò mọ wọléwọlé bí àwa ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ilé-Ifẹ̀, wọn a yọ sí agbo ilé ní kùtùkùtù, wọn a ṣí ìdérí àmù, wọn a sì bojú wo inú rẹ̀ bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ yóò rojọ́ ní kóòtù, yóò sì san owó ìtanràn. Nítorí náà, bí ọmọdé kan bá ti ké pé, “Wọléwọlé ń bọ̀ o!” àwọn ìyá wa a sáré da omi àmù nù, ìbáà ṣe omi tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn pọn ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọléwọlé bá sì ti kọjá tán, àmù a padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Ìbẹ̀rù kọ́ wa bí a ti ń da omi nù. Kò kọ́ wa ní ìdí tí a fi ń fọ àmù.

Ẹ má sì ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú ìlànà ilé gbígbé wọ Ifẹ̀. Nígbà tí Frank Willett wú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957 àti 1958, ó bá àpáàdì tí àwọn baba wa tò sínú ilẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, kí òjò má baà sọ àgbàlá di ẹrẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tí í ṣe obìnrin, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó to àpáàdì wọ̀nyí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1994, mo bẹ̀rẹ̀ ilé tèmi. Ilẹ̀ náà gùn ní 120 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì fẹ̀ ní 60, èyí tí í ṣe nǹkan bí 36 mítà sí 18. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ó yẹ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà, ó kéré tán. Bíríkìlà mi gbẹ́ kànga sí iwájú, ó sì gbẹ́ ṣáláńgá sí ìkangun ẹ̀yìn pátápátá. Inú mi dùn. Ṣé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, mo sì ti pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo gun àkàbà, tí mo wo òdì kejì ògiri, mo rí kànga aládùúgbò mi. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí ṣáláńgá mi.

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ ni ó ni kànga náà. Ní òjò ọdún kejì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan. Ọmọ náà yè. Dókítà kò sọ pé kànga ni ó fa àìsàn náà, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ̀sùn kàn mí; kódà, ìyá náà fi ẹ̀kọ gbígbóná ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ara ọmọ dá. Ẹ̀kọ náà kò lọ ní ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní àyíká Broad Street. Dókítà John Snow ni ó fi hàn pé inú omi ẹ̀rọ àdúgbò ni àrùn náà wà. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ìyá ọmọ kan tí ń ṣàìsàn ti da omi tí ó fi fọ aṣọ ìlédìí ọmọ rẹ̀ sínú kòtò ẹ̀gbin ilé wọn, kòtò náà kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí kànga. Ta ni yóò dá obìnrin náà lẹ́bi? Kò mọ̀. Èmi mọ̀, nítorí mo ti gun àkàbà. Mo wá ń sọ nínú ara mi pé kò sí ẹ̀rí. Ó yẹ kí adájọ́ dúró de ẹ̀rí kí ó tó dá ènìyàn lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ni aládùúgbò ń dúró dè kí ó tó la ẹnu?

Nígbà tí ó yá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, mo sì rò fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Tíṣà, ó ti ṣe kí ẹ tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ dìde. Ṣé ẹ rí ibi tí ṣáláńgá tèmi náà wà sí kànga ilé kejì? Láti ọdún wo ni mo ti ń wò ó!”

Nígbà náà ni ó yé mi pé ẹnì kan kò lè dá pa òfin yìí mọ́ lórí irú ilẹ̀ tí a ń tà fún wa. Bí mo bá gbé ṣáláńgá jìnnà sí omi mi, omi ẹlòmíràn ni mo ń gbé e sún mọ́. A pe ara wa jọ, onílé mẹ́rin, a sì fi okùn wọn ilẹ̀: gbogbo ṣáláńgá sí ìlà ẹ̀yìn tí ilẹ̀ wa ti pàdé, gbogbo kànga sí iwájú. Èmi ni mo san owó kànga tuntun fún ìyá náà, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti go jù. Bóyá ni.

Ẹnì kan nínú wa kọ̀. Ó ní owó òun ni òun fi ra ilẹ̀ òun. Ṣáláńgá rẹ̀ sì nìyí, ní ìkangun iwájú ilé rẹ̀, ní ẹ̀bá ògiri tí kànga mi wà.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ní báyìí, èmi ni mo ń se omi tí a ń mu ní àràárọ̀ títí yóò fi hó yaya. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí tábìlì gíga ni mo ń gbé e sí, kí ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi má baà tó o. Bí a bá sì fẹ́ wẹ̀ fún wọn, omi tútù ni mo ń kọ́kọ́ bù sínú bàsíà kí n tó bu gbígbóná lé e. Kò sí wọléwọlé tí ń wò mí. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń dúró ti iná náà, tí mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń kọrin ní òdì kejì ògiri, inú a fẹ́ bí mi, n ó sì rántí àkàbà.