Bí Ayé Bá Sú Onígbàgbọ́, Ṣé Ìgbàgbọ́ Rẹ̀ Ti Kú Ni?

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-18, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:25-34

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí wúwo lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń wo ẹ̀yìn wò kó tó sọ ọ́ ni. Àwọn kan ń bẹ láàrín wa tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń tan àbẹ́là, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí àwọn sùn kí àwọn má jí mọ́. Wọn kò lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ará á ní, “Háà! Ìwọ Onígbàgbọ́! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?” Bí wọ́n bá sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á máa jẹ wọ́n nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà.

Ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí a ti rì bọmi, tó ní Ẹ̀mí Mímọ́, ṣé ayé lè sú u débi pé yóò fẹ́ kú? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí àìsàn ni, àbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó? Kí sì ni ojúṣe àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

ÀWỌN TÓ TI RÌN Ọ̀NÀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì. Mósè, ẹni tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú, bẹ Ọlọ́run pé kó kúkú pa òun, nítorí ẹrù àwọn ènìyàn náà ti wúwo jù fún òun (Númérì 11). Jóòbù fi ọjọ́ tí wọ́n bí i bú (Jóòbù 3). Jeremáyà wòlíì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú (Jeremáyà 20). Jónà ní ikú sàn fún òun ju ìyè lọ (Jónà 4). Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ìpọ́njú kan bá àwọn ní Éṣíà tó mú kí ìrètí ìyè tán nínú àwọn (2 Kọ́ríńtì 1:8). Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn nínú ọgbà Gẹtisémánì pé ìbànújẹ́ ọkàn òun ti dé ojú ikú, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà (Mátíù 26:38). Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ o: Ọmọ Ọlọ́run kò fẹ́ dá wà nínú ìbànújẹ́.

Ẹni tó bá wá ní ìgbàgbọ́ ẹni tí ayé sú ti kú, kó kọ́kọ́ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Mósè.

Ṣùgbọ́n Èlíjà ni a fẹ́ dúró lé lórí. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni, Jésébẹ́lì sì ránṣẹ́ sí i pé òun yóò pa á. Èlíjà sá. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù lóun nìkan, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò bi í pé, ìgbàgbọ́ rẹ dà? Kò ní kó gbààwẹ̀. Ó rán áńgẹ́lì sí i, áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà gbígbóná àti ìkòkò omi ni ó bá lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fún un ní oúnjẹ, nítorí ọ̀nà tó kù jìn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn oorun, lẹ́yìn ìrìn ogójì ọjọ́, ìgbà náà ni Ọlọ́run wá bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ó sì jẹ́ kó rojọ́ tẹnu rẹ̀. Èlíjà ní òun nìkan ló kù. Ọlọ́run fi hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún méje ń bẹ ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì. Ó sì fún un ní Èlíṣà láti máa bá a rìn. Oúnjẹ, oorun, etí tó ń gbọ́ni, òtítọ́, ẹnìkejì: báyìí ni Olúwa ṣe tọ́jú wòlíì rẹ̀.

ÀÌSÀN NI, KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ

Ìbànújẹ́ a máa bá gbogbo ènìyàn. Bí èèyàn wa bá kú, bí ọjà bá wọ̀, a ó sunkún, yóò sì yá. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì kan wà tó yàtọ̀ sí èyí. Bí ó bá mú ènìyàn, kì í ṣe ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, kò ní lọ. Oorun á dá lójú rẹ̀, tàbí kó máa sùn ṣáá. Oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀. Orin tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ara rẹ̀ á wúwo bí ẹni ru àpò sìmẹ́ńtì. Á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bí ó bá sì le, á máa rò pé ìbá sàn kí òun má sí. Àwọn dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì pè é ní àìsàn, bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Àjọ tó ń rí sí ètò ìlera ní gbogbo àgbáyé sọ pé ó lé ní 700,000 ènìyàn tó ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn lọ́dọọdún. Ṣé gbogbo wọn ni kò mọ Ọlọ́run? Rárá o.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ orin tí à ń kọ nínú ilé Ọlọ́run títí dòní ni William Cowper, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní ọdún 1731. Òun ló kọ orin nípa ìsun tó kún fún ẹ̀jẹ̀ Jésù, tí àwọn ìjọ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní 1763, ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé dókítà kan ní St Albans, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti yá, ibẹ̀ náà ni ó ti rí ojú rere Kristi. Àìsàn náà tún padà ní 1773. John Newton, àlùfáà ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbà á sínú ilé fún ohun tó lé ní ọdún kan, opó kan tó ń jẹ́ Mary Unwin sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1779, ìwé orin tí òun àti Newton jọ kọ jáde. Cowper kò bọ́ pátápátá lọ́wọ́ àìsàn náà. Ó tilẹ̀ gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Síbẹ̀ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú. Ó lo ọjọ́ rẹ̀ dé 1800. Ohun tí àìsàn ń sọ fún un nípa Ọlọ́run kì í ṣe òtítọ́. Orin rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbádùn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó dúró tì í ló jẹ́ kó pẹ́ láyé.

IKÚ YÁ JU Ẹ̀SÍN, ṢÉ ÒÓTỌ́ NI?

Àwọn bàbá wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, ọba tí ìlú bá kọ̀, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú rẹ̀, òun náà á sì mọ̀ pé kí òun wá ikú kú ni. Lónìí pàápàá, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí owó àjọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tó lóyún ilé, ọmọ tó feelì ìdánwò, òwe yìí ló ń dún létí wọn.

A kò bú àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ òwe náà dáadáa. Òwe ìkìlọ̀ ni: kí ọmọ má ṣe ohun tí yóò kó ìtìjú bá ilé. Ẹni tí kò tíì ṣubú ni a ń pa á fún. Ẹni tó bá gbé e fún ẹni tó ti ṣubú ti sọ ìkìlọ̀ di ìdájọ́ ikú. Fún àwa Onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Wọ́n bọ́ Olúwa wa sí ìhòòhò, wọ́n tutọ́ sí i lójú, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà níta gbangba. Ó ti jẹ ẹ̀sín náà tán nítorí tiwa. Bí ẹnìkan bá wí pé, ṣebí Jésù pẹ̀lú fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀, a ó dáhùn pé kò fi í lélẹ̀ nítorí pé ayé sú u. Nítorí àwọn ẹlòmíràn ni, ó sì kọ́kọ́ bẹ Bàbá pé kí ago náà kọjá.

Ẹ wo Pétérù àti Júdásì. Lóru ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣubú. Ìtìjú bá àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ronú, Júdásì tilẹ̀ dá owó padà. Ṣùgbọ́n Júdásì lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí àlùfáà, wọ́n dá a lóhùn pé kò kan àwọn, ó sì dá jáde lọ. Pétérù sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n ó padà sáàrín àwọn ará, àárín wọn ni Jésù ti bá a. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù ìdáhùn tí wọ́n fún Júdásì yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wá sílé àdúrà wá rojọ́, tí a sì fi ojú sọ fún wọn pé kò kàn wá.

Ẹ tún wo onítúbú Fílípì. Ó jí lóru, ó rí ilẹ̀kùn túbú ní ṣíṣí, ó rò pé gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ti sá lọ, ó fa idà yọ sí ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kígbe pé kó má ṣe ara rẹ̀ ní ibi, gbogbo àwọn wà níbẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ torí rẹ̀ kú kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀! Òkùnkùn ni kò jẹ́ kó rí i. Nígbà tí wọ́n gbé iná wá, ó rí òtítọ́, lóru náà sì ni wọ́n ri òun àti agbo ilé rẹ̀ bọmi. Báyìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe ń parọ́ fún ènìyàn: ó ní kò sẹ́ni tó kù, ó ní ọmọ rẹ yóò sàn láìsí ìwọ, ó ní kò lè dára mọ́. Ará, má ṣe ìpinnu kankan nínú òkùnkùn. Dúró de iná. Pe ẹni tí yóò gbé e wá.

ẸNI TÓ TI LỌ Ń KỌ́?

Wọ́n ń bi wá pé, ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ṣé ó ti ṣègbé? Ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà méjì tó léwu. Bí a bá ní ó ti wà nínú iná, a ti gba ìtẹ́ Ọlọ́run jókòó, a sì tún fi ikú lé ikú lórí ìyá àti ọmọ rẹ̀. Bí a bá sì yìn ín pé ó ti sinmi, ẹlòmíràn tó ń jìyà lẹ́yìn ilé á gbọ́, á ní ọ̀nà ti là. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹ̀mí kì í ṣe tiwa, Ẹlẹ́dàá ló ni ín, kò sì yẹ kí á fọwọ́ kàn án. A sì mọ̀ pé nígbà tí Sọ́ọ̀lù ṣubú lu idà ara rẹ̀, àwọn ará Jabẹṣi-Gílíádì rin gbogbo òru lọ gbé òkú rẹ̀, wọ́n sin egungun rẹ̀, wọ́n sì gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Dáfídì sunkún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ọ́ sígbó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bá ẹbí sunkún, kí á sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún Ẹni tó mọ̀ bí àìsàn náà ti wúwo tó.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

Èkíní, ẹ béèrè. Bí ará kan bá ń yẹra, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi í ní gbangba pé: “Ṣé ikú ń wá sí ọ lọ́kàn?” Ìbéèrè náà kì í fi ohun tí kò sí síbẹ̀, ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún un. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lóru náà.

Ìkejì, ẹ mú ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Àwa tí à ń ṣoko òwú àti àgbàdo, kí oògùn apakòkòrò wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe lábẹ́ ibùsùn.

Ìkẹta, ẹ̀yin aríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu. Kí ẹ tó ní ìyá rẹ̀ ló ń bá a jà tàbí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a, ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, ẹ rántí pé Ọlọ́run bínú sí wọn. Ẹ má de aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má nà án. Ẹni tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ má fi ààwẹ̀ gbígbẹ lé e lórí. Kí àwa gbààwẹ̀ fún un, kí òun jẹun bí Èlíjà ti jẹun.

Ìkẹrin, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Hesekáyà gbàdúrà, Aísáyà sì tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20). Àdúrà àti oògùn kì í jà. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Jacquot. Ní ilẹ̀ Tógò, ó wà ní Zébé, ní Aného. Ní òdìkejì ààlà, Aró wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ láti 1954 sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, kí wọ́n lè máa gbàwòsàn láàrín ènìyàn. Oògùn àìsàn yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kó dá a dúró.

Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin tiwa, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Ó ń tún táyà ṣe ní Bouaké ní ilẹ̀ Ivory Coast, ó di ẹni tó ní ọkọ̀ takisí, ohun gbogbo sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Kò ṣe é. Ó rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ló ti ń kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò ní ìgboro, tó ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan lára àwọn ilé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú wọn wà ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ká ní ó kú lọ́jọ́ tí ayé sú u, ta ni ìbá tú àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀?

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tìrẹ: Ọlọ́run kò bínú sí ọ nítorí pé ó rẹ̀ ọ́. Má bá ara rẹ jà lórí ọdún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ tó ń ṣú lónìí yìí ni kí o là já. Jẹ oúnjẹ díẹ̀. Lọ kan ilẹ̀kùn ẹnìkan, bàbá, ìyá, ọ̀rẹ́, alàgbà, kí o ní, “Ẹ jẹ́ kí n sùn lọ́dọ̀ yín lálẹ́ yìí.” Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ, lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Ọlọ́run Èlíjà, ẹni tó gbé oúnjẹ lọ bá ìránṣẹ́ rẹ̀ nínú aginjù, bẹ àwọn ọmọ rẹ tí ayé sú wò lóru òní. Rán ẹni tí yóò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣí etí ìjọ rẹ, pa ẹnu ìdájọ́ wa mọ́, kí o sì sọ ilé rẹ di ibi tí ènìyàn lè sunkún sí láìtijú. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.