Ọmọ Wa Ni

Tí mo bá ti na ìwé ìfọwọ́sí sí àwọn èèyàn ní Àgọ́-Àrẹ, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyí: "Kí la tún fẹ́ máa kà níbẹ̀? Ọmọ wa ni." Wọ́n á tẹ̀ka sí i, ó parí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo fi ń ṣe fáàrí fún àwọn akẹgbẹ́ mi. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí tiwọn nígboro Ìbàdàn ń ráhùn pé wọ́n ń lé àwọn bí ẹni lé ẹyẹ lóko àgbàdo. Èmi, ọjọ́ mẹ́rin péré, mo ti rí èèyàn mẹ́tàdínlógún. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lára.

Dígírì kejì ni mò ń ṣe nínú ìmọ̀ nípa ìgbọ́ràn, èyí tí wọ́n ń pè ní audiology. Oríṣi tí mò ń ṣe kì í ṣe ti ká jókòó sí kíláàsì ká sì ṣe ìdánwò. Ìwádìí ni. Èèyàn á mú ìbéèrè kan, á lọ bá a níbi tó wà, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á sì dúró gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbéèrè tèmi kò le: kí ni ariwo ẹ̀rọ ìlọta, ìlọ̀gì àti èlùbọ́ ń ṣe sí etí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun? Mo mú Àgọ́-Àrẹ nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, àti nítorí pé ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà ni gbogbo Òkè-Ògùn. Ibi tí èlùbọ́ bá pọ̀ sí, ẹ̀rọ ò ní wọ́n níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì dúró sílé ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, kó má sọ pé òun mọ ariwo. Àwọn onímọ̀ gbà pé tí ariwo bá ti tó 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ewu ti dé. Gbogbo ilé ẹ̀rọ tí mo gbé òṣùwọ̀n wọ̀ ló kọjá bẹ́ẹ̀. Inú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tó ká bí ìkarahun ìgbín, àwọn ohun tíntìntín kan wà bí irun, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń gba ìró kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ohun kan dún. Ariwo máa ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ìrora. Tí wọ́n bá kú lára èèyàn, ó tán nìyẹn, wọn kì í hù mọ́. Ti adìẹ ń hù padà. Mo máa ń wo àwọn adìẹ tó ń ṣa ọkà jẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, inú á sì bí mi díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wọn etí, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó lè dákẹ́ (àwọn ewúrẹ́ ò gbà fún wa pátápátá). Mo máa ń fi ìró sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 250 Hz tó dún wúwo títí dé 8000 Hz tó tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á nawọ́. Tó bá jẹ́ ariwo ló jẹ etí náà, ìlà tí mò ń fà sínú ìwé á kàn rì ní nǹkan bíi 4000 Hz, bí ọ̀nà tí ọ̀gbàrá gé.

Bàbá kan wà tó ni ilé ẹ̀rọ, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí rẹ̀. Ó ní, "Mò ń gbọ́ o, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ń wí ni kì í yé mi." Mi ò tíì rí ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, inú ìró tó wúwo ló wà, ìyẹn ò sì tíì kúrò létí bàbá. Àmọ́ s àti f àti t, òkè téńté ni agbára tiwọn wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti bù jẹ. Ohun tó kù fún un dà bí ìlù dùndún: orin ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ara ọ̀rọ̀ ti lọ. Ó tiẹ̀ sọ fún mi pé òun àti onílù ò ní wàhálà kankan, àwọn èèyàn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú. Ìyàwó rẹ̀ dá sí i látẹ̀yìn: "Ó gbọ́ o. Kì í gbọ́ràn ni!" Ẹ ò rí i, nínú èdè tí a ti ń gbọ́ ìró, tí a ń gbọ́ èdè, tí a ń gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu, tí a tún ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ ń lọ á ti di alágídí kó tó di aláìsàn.

Kí ni mo wá ní fún bàbá yìí? Mo kọ lẹ́tà fún un pé kó lọ sí ẹ̀ka etí ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ̀rọ àfigbọ́rọ̀ wà, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, bátìrì rẹ̀ ń tán, ẹni tó máa tún un ṣe kò sì sí nítòsí. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tó nílò ìtọ́jú nítorí etí tó ń lọ lé ní 430 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Bàbá wà lára wọn. Ó yí lẹ́tà mi síwá sẹ́yìn, ó wò mí: "Ṣé èyí ni kí n fi sétí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti bàbá ṣì kéré. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ ọdún 19. Ìlà etí ọmọ náà ti ń rì ní 4000 Hz, lápá méjèèjì. Kò tíì mọ̀ ọ́n lára rárá. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá. Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé." Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá bá mi. "Kí lo rí létí ọmọ yẹn?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ oníkálukú, òun nìkan ni mo lè bá sọ ọ́."

"Ọwọ́ mi ni bàbá rẹ̀ fi í lé. Èmi ni bàbá rẹ̀ níbí. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ìlànà ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 wà lẹ́yìn mi: àṣírí ẹni tí a yẹ̀ wò, tirẹ̀ ni. Mo mọ ìdí tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fi yẹ kó wà. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní Kánò. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé òògùn tuntun kan, Trovan, wá. Àwọn ọmọ bí 200 ló wà nínú ìwádìí náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba òògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú. Àwọn òbí ní àwọn ọmọ kan yarọ, àwọn kan sì dití. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló fà á, kì í ṣe òògùn, pé àwọn òbí sì fi ẹnu gbà. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣàdéhùn lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Etí tèmi ò lè pa ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n "fi ẹnu gbà" yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí àwọn èèyàn mi náà gbà, wọn ò sì kà á.

Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ̀ ni, pé kí n jókòó tì wọ́n kí n ka gbogbo rẹ̀ sókè. Mo ṣe é fún ìyá kan. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "o lè yọwọ́ nígbàkígbà tó bá wù ọ́," ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi, kí n yọwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ mi?" Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ìwé tí mo gbé wá, àlejò ni wọ́n kọ ọ́ fún, kó má baà rẹ́ àlejò mìíràn jẹ. Ó gba ẹni tí mò ń wọn etí rẹ̀ láyè láti yọwọ́. Kò sì sọ ohunkóhun nípa èmi, torí ó ti mọ̀ pé tí mo bá ti gba ohun tí mo fẹ́, mo máa lọ. Àdéhùn tiwọn yàtọ̀. "Ọmọ wa ni" kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà. Orí mi ni wọ́n tẹ̀ka sí, kì í ṣe orí ìwé. Nínú àdéhùn yẹn, èmi ni mi ò láṣẹ láti yọwọ́.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé mo wá ń sọ pé tiwọn dáa ju ti ìwé lọ. Àdéhùn kan náà yẹn ló ní kí n tú àṣírí ọmọ náà fún ọ̀gá rẹ̀, nítorí bàbá ni, ọmọ kì í sì í ní àṣírí fún bàbá. Tí mo bá tẹ̀ lé e délẹ̀, ọmọ náà lè pàdánù iṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́, kó sì padà sílé pẹ̀lú etí tó ti bàjẹ́ àti ọwọ́ òfìfo. Ìwé ló gbà á sílẹ̀.

Mi ò sọ fún bàbá. Mo ní kó jẹ́ kí n bá gbogbo ilé ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Mo gbé òṣùwọ̀n ariwo sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n rí i bí nọ́ńbà ṣe ń fò. Mo pín ohun àfidí etí fún wọn. Bàbá gbà pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn nídìí ẹ́ńjìnnì. Ó wá ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "Ohun tó ṣe tèmi náà nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wo ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́. Mi ò mọ ohun tó ti fura sí.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ náà fi lo ohun àfidí etí. Ó ní etí lòun fi ń mọ̀ pé àgbàdo ti ń tán nínú ẹ̀rọ, àti pé eyín ẹ̀rọ ti ń ha ara wọn. Tóun bá dí i, ẹ̀rọ á bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. Mi ò tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn, kò sì sí nínú iṣẹ́ tí mò ń kọ.

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí, mò ń to nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú mo máa ń pe bàbá. Kì í gbọ́ fóònù dáadáa, nítorí náà ọmọ yẹn ló máa ń gbé e sétí, á tún ohun tí mo wí sọ sókè, á sì dá mi lóhùn.