Àmánà Ni Owó Ìlú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùṣírò. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, bí àwọn aṣòfin wa ní Agodi bá pe ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kan wá ṣàlàyé ìnáwó, àwọn kan a ní ọ̀tá ni wọ́n ń bá a ṣe, tàbí pé àbá burúkú dídá ni, èyí tí Ìsìláàmù kọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Ẹni tó béèrè ohun tó fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló béèrè. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán Ibn al-Lutbiyya lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó ya apá kan sọ́tọ̀ pé wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ni. Orí mínúbárì ni Ànábì ti béèrè, lójú gbogbo ènìyàn, bóyá ẹ̀bùn náà ìbá tọ̀ ọ́ wá ká ní ilé òbí rẹ̀ ló jókòó sí.

Abala 128 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti wádìí iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n lè tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá síta. Àmánà ni agbára náà. Aṣòfin tó bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ̀ wò ti ta àmánà.

Àwa náà ńkọ́? Bí a bá ń gbé ìnáwó ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ wa lé aṣòfin lọ́wọ́, níbo la rò pé yóò ti rí i? Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò le sọ òdodo mọ́. Ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè iṣẹ́, kí á yé tọrọ owó.

Kí Ọlọ́hun mú ìṣirò wa rọrùn lọ́jọ́ Àjíǹde. Àmín.