Ajá Tí Ó Gbọ́ Fèrè

Bíbélì Kíkà: Orin Dáfídì 32:8-9, Àìsáyà 30:21
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Jòhánù 10:27. Ṣí i nínú Bíbélì rẹ, kí o sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Olùfẹ́ nínú Olúwa, àwọn àgbà wa a máa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ti di ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ. Èmi náà ti fi ṣe ìwàásù rí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì rí ajá ọdẹ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Olúwa fẹ́ kí ó yé mi, orí òkè ni ó mú mi lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde ní 2019, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa gbéra láti Òṣogbo. A gba Ìwó lọ sí Ọ̀yọ́, a kọjá sí Ìsẹ́yìn, títí a fi dé Adó-Àwáyè. Orí òkè ìlú náà ni adágún Ìyàkẹ́ wà, omi tí ó dúró sórí àpáta gíga, tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sí ara òkè náà ju 300 lọ. Èmi tí mo máa ń sọ fún ìjọ pé kí wọ́n má ṣe rẹ̀ nínú eré ìje ẹ̀mí, mo jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gùn ún tán!

Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ni ó fi ọ̀nà hàn wá. Kò mú pàṣán dání, kò mú okùn dání. Fèrè kékeré kan ni ó so kọ́ ọrùn, ó sì mú ajá rẹ̀ lẹ́yìn, ajá pupa kan tí ó rù díẹ̀, tí ó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn tán, tí a wọ inú igbó tí ó wà láàárín àwọn àpáta, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Iwájú ni Tanímọ̀la ń lọ, ẹ̀yìn ni olówó rẹ̀ ń bọ̀. Ajá náà á sáré, á fi imú gbọ́ òórùn ewéko, á fò kọjá lórí òkúta. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, á dúró. Á yíjú padà, á wo ojú olówó rẹ̀. Ọkùnrin náà á kàn fi àgbọ̀n júwe, ajá á sì gba ibẹ̀ lọ. Kò sí ariwo, kò sí ìjà.

Nígbà tí a dé etí adágún náà, òjò ìdájí ti mú kí orí àpáta máa yọ̀. Àwọn ará ìlú gbà pé omi náà kò nísàlẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn, nítorí n kò ní ohun tí n óò fi wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tí ó mú wa lọ ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ etí omi. Lójijì, alángbá kan sáré jáde, Tanímọ̀la gbá tẹ̀lé e, ó di ẹ̀bá omi. Ọkùnrin náà fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olùfẹ́, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ ajá yìí tẹ alángbá náà, síbẹ̀ ó dúró, ó yí padà, ó sì wá jókòó sí ẹsẹ̀ olówó rẹ̀.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ya fọ́tò. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ibi tí ajá ti padà gan-an. Mo pè é. Mo tún pè é. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Pásítọ̀, mo rí i." Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkùnrin náà tí ó di aṣọ rẹ̀ mú. Fóònù rẹ̀ ni ó bọ́ sínú omi, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Ajá gbọ́, ọmọ ènìyàn kò gbọ́.

Ní àdúgbò wa ní Dàda Estate, ajá pọ̀ lẹ́yìn géètì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ó wà lórí ṣéènì tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ tí ṣéènì ọ̀kan já, olówó rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ajá náà kò wẹ̀yìn wò títí ó fi dé títì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbá a. Ṣéènì ni ajá yẹn mọ̀, kò mọ ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, adágún kan wà lára òkè tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ajá gòkè lọ síbẹ̀, ì báà wà lórí okùn. Òfin dára, ó ń dáàbò bo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fẹ́ kí ó jẹ́ òfin àti ṣéènì nìkan ni yóò máa dá ọmọ rẹ̀ dúró. Nínú Bíbélì Kíkà wa, Ó ṣèlérí pé ojú Òun ni yóò máa tọ́ wa sọ́nà, Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe dà bí ẹṣin àti ìbaaka tí kò gbọ́ràn àfi bí a bá fi ìjánu sí wọn lẹ́nu. Wòlíì Àìsáyà ní láti ẹ̀yìn wa ni a óò ti máa gbọ́ ohùn náà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa wẹ̀yìn wò ní oríta.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ara mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ní Iléṣà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń wàásù, mò ń gbé ọwọ́ lé àwọn ẹlòmíràn lórí, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ń sọ fún mi pé, "Pè é." Èsì mi ni pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀. Tanímọ̀la gbọ́ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Èmi ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta, mo ṣì ń lé alángbá tèmi lọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, kí a tó dé Ọ̀yọ́, tí mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbé e, ó sì dákẹ́. Mo ní, "Àbúrò mi, má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́." Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni." Ọ̀rọ̀ ilé náà kò parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹbí tún jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n èmi àti àbúrò mi ti rẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé tó yanjú. Ògo ni fún Olúwa!

Olùfẹ́, kí ni ajá yìí kọ́ wa?

Èkíní, ilé ni ó ti mọ fèrè. Ọdẹ náà sọ fún mi pé láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ajá, bí òun bá fẹ́ fún un ní oúnjẹ, òun á kọ́kọ́ fọn fèrè. Ẹni tí kò bá mọ ohùn Olúwa nídìí àdúrà òwúrọ̀, yóò ṣòro fún un láti dá a mọ̀ ní ọjọ́ ewu.

Èkejì, ó dúró ní oríta. Iṣẹ́ tuntun, ìgbéyàwó, owó yíyá, ilẹ̀ ríra, oríta ni gbogbo wọn. Má ṣe sáré kọjá kí o tó wo ojú Ẹni tí ó ni ọ́.

Ẹ̀kẹta, ó padà nígbà tí ohun tí ó ń lé ṣì wà nítòsí. Kò dúró kí ọdẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ìgbọràn tí ó bá dúró de àlàyé lè pẹ́ jù.

Bóyá o ń bi ara rẹ pé, "Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé Olúwa ni?" Ohùn rẹ̀ kì í tako Ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní rán ọ láti rẹ́ni jẹ, kò ní rán ọ láti di ẹnikẹ́ni sínú. Bí kò bá dá ọ lójú, lọ bi àgbà nínú ìgbàgbọ́.

Bóyá o sì ti jìnnà wọ inú igbó. Má sọ̀rètí nù. Jésù wá láti wá ohun tí ó sọnù kiri, kí Ó sì gbà á là (Lúùkù 19:10). Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń gún ọ lọ́kàn ní òwúrọ̀ yìí, fèrè ṣì ń dún nìyẹn. Padà!

IṢẸ́ ÒNÍ: Kí ni Olúwa ti sọ fún ọ tí o kò tíì ṣe? Ṣe é kí oòrùn tó wọ̀.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ nítorí pé o kò dákẹ́ sí mi.
2. Olúwa, dárí gbogbo etí dídi mi jì mí, ní orúkọ Jésù.
3. Ẹ̀mí Mímọ́, ní gbogbo oríta tí n óò dé lónìí, kọ́ mi láti dúró kí n sì wò ọ́.
4. Ohunkóhun tí mò ń lé lọ sí etí ọ̀gbun, Olúwa, pè mí padà kí ẹsẹ̀ mi tó yọ̀.
5. Baba, mú àlàáfíà padà bọ̀ sínú ẹbí mi, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Àmín.