Ejò Tí Ń Lé Àgbà



Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í sáré inú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Nítorí náà ni ojú fi ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti rìn láìní ibi tí à ń lọ. Bí ìyá àgbà kan bá ń yára rìn ní kùtùkùtù lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ru ẹrù, a ó bi í pé, “Màmá, ṣé kò sí o?”

Ó ha yẹ kí Kristiani lo àkókò rẹ̀ báyìí? Àwọn kan yóò tọ́ka sí ohun tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ sí Tímótì, pé èrè ìdárayá kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè ìwà-bí-Ọlọ́run. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré kì í ṣe asán. Àpọ́sítélì kan náà ni ó kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé ara wa kì í ṣe tiwa, pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ẹni tí a fi ilé sí ní ìkáwọ́ kò gbọdọ̀ máa wò ó títí òrùlé yóò fi jìn.

Àwọn baba wa kò nílò ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1896, tí a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọkọ̀ ojú irin kò tí ì dé Ìbàdàn pàápàá. Ọdún 1901 ni ó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Aránṣọ, akọ̀wé àti ọlọ́jà ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n lórí ìjókòó ni. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó jẹ́ túláàsì fún baba ni ó ti di ohun tí ọmọ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, yíyàn sì nira ju túláàsì lọ.

Ejò tí ń lé wa sì wà: ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Wọn kì í sábà pariwo kí wọn tó buni jẹ. Bí àgbà bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, òun nìkan kọ́ ni ó ń jìyà. Ọmọ rẹ̀ yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa kí ó lè máa gbé e dìde.

Báwo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà ní ìmọ̀ràn láti máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún ìrìn kíákíá tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì wí pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá. Kí ẹni tí kò rìn rí fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Kí ó rìn débi pé ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí ìrìn lásán bá sì ń ti ojú, ẹ fún ẹsẹ̀ ní iṣẹ́: ẹ fi rìn lọ sí ilé Ọlọ́run, ẹ fi bẹ aláìsàn wò. Bí wọ́n bá sì béèrè ohun tí ń lé yín, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́. Kí Olúwa fún wa ní ara líle láti fi sìn ín. Àmín.