Ṣé Ó Tọ́ Kí A Lé Ẹni Tí Ìyà Oko Lé Wá?

Ní Marine Beach, Àpápá, bàbá kan tó ti fìgbà kan ṣe lébìrà ní wáàfù ń bá ọmọ àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ajégúnlẹ̀, sọ̀rọ̀.

OLÙKỌ́: Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí nípa àwọn ará Ghana tí ìjọba Ààrẹ Shagari lé kúrò ní Nàìjíríà ní 1983. Ẹ̀yin wà ní wáàfù nígbà náà. Lójú tiyín, ṣé ó tọ́?

BÀBÁ: Ó tọ́ o. Ilé kì í ṣàìní onílé. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwa gan-an ń wáṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò níwèé ìgbélùú. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 1979, 90 ọjọ́ péré ló fún àlejò láìgba físà. Kò ní kó sọ ibẹ̀ dilé.

OLÙKỌ́: Òfin wà lẹ́yìn ìjọba, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló lé wọn kúrò nílé?

BÀBÁ: Kí ni ì bá tún jẹ́? Náírà ni wọ́n wá wá.

OLÙKỌ́: Ẹ gbọ́ ná, Bàbá. Àárín 1964 sí 1965, kòkó Ghana lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi di 1983, kò tó 200,000 mọ́. Ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, owó cedi tí wọ́n sì ń san kò ra nǹkan gidi mọ́. Àwọn kan ń gbé kòkó gba ẹ̀yìn bodè lọ sí Ivory Coast. Àwọn mìíràn pa oko tì, wọ́n dorí kọ Èkó.

BÀBÁ: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀dá. Ìjọba tí kò mọ ìṣirò ni. Ìjọba tiwọn ló yẹ kí wọ́n bá wí.

OLÙKỌ́: Ọ̀dá náà kò pẹ́ dé. Òjò dá ní 1982 àti 1983, iná igbó jó oko kòkó àti oko oúnjẹ, omi Volta fà débi pé iná mànàmáná tó ń wá láti ìsédò Akosombo di ohun tí wọ́n ń pín. Àgbẹ̀ kò lè bá òjò jà, kò sì lè bá ìjọba ológun jà. Inú ìyà yẹn la lé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn padà sí.

BÀBÁ: Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Ní oṣù kọkànlá 1969, Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tó ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́, ọjà ni wọ́n fi sílẹ̀ sá wálé. Ẹ̀san ló ké.

OLÙKỌ́: Lórí ta ni? Wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ Busia ní 1972, ó sì ti kú ní 1978. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ghana tó sùn sórí sìmẹ́ńtì ní wáàfù yín ní 1983, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, ọmọdé ni wọ́n ní 1969. Ẹni tó ṣẹ̀ ti lọ, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ la nà.

BÀBÁ: Ibẹ̀ yẹn, o borí mi. Ohun kan sì wà tí kò dùn mọ́ mi nínú láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ni ìkéde jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Rawlings, olórí ìjọba ológun Ghana, ti ti bodè wọn láti 1982. Benin àti Tógò náà ti tiwọn, kí èrò má bàa há sí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọ́ wá sí Àpápá, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ 29 ni Rawlings tó ṣí bodè. Kí a ní kí ènìyàn máa lọ nígbà tí ọ̀nà dí, ìdálóró nìyẹn.

OLÙKỌ́: Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyẹn.

BÀBÁ: Má tíì yọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ẹbí gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ padà sóko, kòkó Ghana sì tún gbérí. Bí wọ́n bá jókòó síbí, ta ni ì bá ro oko yẹn?

OLÙKỌ́: Òjò ló padà rọ̀ ní 1984, ìjọba sì fi kún owó tí àgbẹ̀ ń gbà. Ohun tó tún oko ṣe nìyẹn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ wọn kò ní fi ilé sílẹ̀ rárá.

BÀBÁ: Kí wá ni ká ṣe? Ká ṣílẹ̀kùn gbayawu? Ìwọ náà ń gbé Ajégúnlẹ̀, o mọ iye ènìyàn tó ń sùn ní yàrá kan.

OLÙKỌ́: Rárá, Bàbá. Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ilé ti kún. Ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ lákòókò, kí àlejò lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀nà sì wà fún un. Ajégúnlẹ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti Ìgbò wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni àìrí-jẹ-àìrí-mu gbé débẹ̀.

BÀBÁ: Ó dáa. Sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí àlejò máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí Ghana fún wa ní 1969 kò dára. Èyí tí a fún wọn ní 1983 kò dára, a sì tún lé ènìyàn ní 1985. Àwa tí a ti jẹ irú ìyà yẹn rí, kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ wa ni ẹlòmíràn ti máa jẹ ẹ́.